Òkú Tó Pààrọ̀ Ìlú Bàbá Rẹ̀

Ẹni tó bá ń ta aṣọ òkú kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù òkú. Bilqis ti ń tà á ní Ẹnu Ọ̀wá láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún un, ìsọ̀ kékeré kan tó kọjú sí ọ̀nà ààfin, aṣọ funfun láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Bí èèyàn bá jáde láyé láàárọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ẹbí ń sáré gbà, nítorí Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Á wọn aṣọ fún wọn, á fi káfúrà tí wọ́n ń fi sára òkú sí i, á ní kí Ọlọ́run forí jì í, ó tán. Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà, inú ìdì aṣọ kan náà ló ti ń gé e fún un. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè ńkọ́? Ìdì aṣọ yẹn náà ni, àfi pé àwọn tiwọn á máa fọwọ́ pa á wò, wọ́n á máa béèrè bóyá kò sí èyí tó dáa ju báyìí lọ, bí ẹni pé òwú mọ ìyàtọ̀ láàárín olóyè àti òkú.

Nítorí náà, Bilqis kì í wárí fún àwọn òkú ńlá Ìsàlẹ̀ Èkó, bẹ́ẹ̀ òkú ńlá ló sì ń ṣèjọba níbẹ̀. Bí ìdìbò bá ti ń bọ̀, òkú ni wọ́n ń jí. Bí òrùlé bá ń jò, bí gọ́tà bá kún dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Àmọ́ ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn ibẹ̀, àwọn tí kò mọ orúkọ ìyá ìyá wọn á máa ka bàbá ńlá fún yín títí oúnjẹ á fi jóná lórí iná.

Èyí tó sú Bilqis jù nínú gbogbo wọn ni Ajagunlósà, torí inú ilé rẹ̀ lòun ń gbé. Ajagunlósà ni bàbá ńlá Mọ̀núrù, ọkọ rẹ̀. Ó ti kú láti ayé àtijọ́, nígbà tí Òyìnbó kò tíì dé, tí kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan sílẹ̀, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é jáde ní pálọ̀ wọn. Iṣẹ́ tí Mọ̀núrù ṣe kó tó fẹ̀yìn tì ni kíkọ nọ́ńbà kọ̀ǹténà ní èbúté Àpápá. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì fi bọ́ ilé, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láé. Ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé láti Ìbíní ni Ajagunlósà ti wá pẹ̀lú ọkọ̀ ogun, ó sì bá àwọn apẹja kan níbí tí wọ́n ń sá ẹja sórí iyanrìn. "Àwa la kọ́ wọn ní ìjọba," Mọ̀núrù á wí, á na ẹsẹ̀ lórí àga tó gbé síwájú ilé. Ẹ gbọ́ o, àwa! Ọkùnrin tí kì í wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòròdú nítorí pé ẹ̀rù omi ń bà á. Ó sọ ọ́ fún ẹni tó wá ka mítà iná. Ó sọ ọ́ fún aláàárù kan tó wá béèrè ọ̀nà Ìdúmọ̀tà, ẹrù wà lórí ọmọ ọlọ́mọ, ọrùn rẹ̀ ń wọlé lọ, kò sì rí bó ṣe máa kúrò.

Bilqis ní tirẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹni tó wọ ọkọ̀ ogun. Ará Ẹ̀pẹ́ ni bàbá rẹ̀, Lafiájì ni wọ́n bí i sí, ìdí ọjà ló dàgbà sí. Nígbà tó wọlé ọkọ, àwọn ìyá ọkọ rẹ̀ ń pè é ní àlejò, wọn ò sì dákẹ́ rẹ̀ títí ó fi wọn aṣọ ìkẹyìn fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlejò ló pààrọ̀ páànù ilé Ajagunlósà. Àlejò ló ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ tí ọmọ onílé fi ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń bọ́ onílé wá di àlejò, ẹ ò rí ayé bí?

Lẹ́yìn tí wọ́n ti fojú àgàn wò ó títí, Ọlọ́run fún un ní Khairiyyah, kò sì tún sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà di nọ́ọ̀sì. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ bó bá sọ ọ̀kan, ẹ máa mọ̀ pé Bilqis ló bí i. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run fún kò pọ̀ rárá. Ó fẹ́ kí wọ́n so yìgì ọmọ yìí ní ọ̀sán gangan, kí bàbá rẹ̀ dìde láàárín àwọn ọkùnrin, kó fà á fún ọkọ, kí gbogbo àwọn tó ti ń wo ikùn òun nígbà yẹn jókòó kí wọ́n máa wò ó.

Haleem ni Khairiyyah mú wá. Ẹ́ńjínnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ tán lára epo, àmọ́ inú rẹ̀ mọ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé agbo ilé Apẹjayọ̀ ni wọ́n ti bí i, àwọn tó wà ní àdúgbò kejì, àwọn gan-an tí Mọ̀núrù ti ń pè ní apẹja tí a bá níbí láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mọ̀núrù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọmọ jagunjagun kì í lọ sílé apẹja. Bilqis bi í léèrè pé ogun wo ni wọ́n jà kẹ́yìn. Nígbà tó yá, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó jinná, aṣọ ọkùnrin náà ò sì rẹ́ni lọ̀ ọ́ mọ́, ló bá gbà. Ẹbí méjèèjì wá mọra wọn, wọ́n mú ọjọ́, Haleem sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Mọ̀núrù ní Dádì.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan wà tí Ọnọ́rébù tó ń ṣojú wọn fi dé láti Ìkòyí. Ìdìbò ń bọ̀ lọ́nà, ẹ sì mọ̀ pé ìgbà yẹn ni irú wọn máa ń rántí ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó jókòó sí pálọ̀ Mọ̀núrù, ó ní wọ́n ń kọ́ ilé àjogúnbá kan s'Óníkan níbi tí wọ́n á ti máa fi ìpilẹ̀ṣẹ̀ Èkó han àlejò. Ó ní wọ́n ń wá alága fún un, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ojú Mọ̀núrù tàn. Ó gún ara rẹ̀ jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìbíní, ó kó ọkọ̀ ogun sómi. Kò tíì dé àárín ọ̀sà tí Fúnṣọ́, ọmọkùnrin tó ń bá Ọnọ́rébù ṣiṣẹ́, fi gbé fóònù rẹ̀ kúrò lójú.

"Ẹ má bínú, Bàbá," Fúnṣọ́ ní. "Ìbíní ò tà lọ́dún yìí. Àwórì ló ń tà. Àwọn tó tẹ̀lé àwo lórí omi, tí àwo rì, tí wọ́n dúró síbẹ̀, àwọn ni páátì ń wá. Ìbò wọn ló pọ̀."

Bilqis ló ń gbé omi fún wọn. Òun náà ń tajà, ó mọ ohun tó ń jẹ́ pé nǹkan ò tà. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó rí i pé ọkàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù kúrò ní Ìbíní, ó sì fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ àlejò wà nílé.

Kò pẹ́ rárá. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Mọ̀núrù dé láti mọ́ṣáláṣí, ó bá Bilqis ní ìsọ̀, ó jókòó sórí àpótí. Ó ní òun ti ronú jinlẹ̀. Ó ní ó jọ pé àwọn àgbà ṣi ìtàn náà sọ. Ajagunlósà kì í ṣe ará Ìbíní rárá. Ó kàn ya ibẹ̀ ni. Àwórì ni, ọmọ ìyá kan náà sì ni òun àti Apẹjayọ̀, àní òun tiẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n.

Bilqis ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò dúró. "Ṣé ó ti gbọ́?"

"Ta ni?"

"Ajagunlósà. Ṣé ẹ ti sọ fún un pé kì í ṣe ará Ìbíní mọ́? Kò dáa kó jẹ́ pé ẹnu aráta ló ti máa gbọ́ ọ."

Mọ̀núrù ní obìnrin ò lè mọ̀ nípa ìtàn. Ó dìde, ó lọ.

Ẹni tó lọ bá ni Àlájì Wàsíù, olórí ẹbí Apẹjayọ̀, àbúrò bàbá Haleem tó ti dolóògbé. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọkùnrin yẹn náà ò sàn jù ú lọ. Apẹjayọ̀ ní ìtàn, àmọ́ wọn ò ní èèyàn mọ́. Àwọn ọmọ ilé ti ta yàrá wọn fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti kó lọ sí Ìkòròdú àti Àgbádó, Ọnọ́rébù sì ti sọ pé òun fẹ́ rí èrò. Mọ̀núrù ní èèyàn tó lè kún pálọ̀, Àlájì ní àwo tó rì. Àwọn méjèèjì gbọ́ra wọn yé kí tíì wọn tó tutù: Mọ̀núrù á gba àga alága, Àlájì á mú ẹni tí yóò du ipò kánsẹ́lọ̀.

Ilé Apẹjayọ̀ ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré. Ẹni tó bá wá sọ pé ọmọ ilé lòun, tí olórí ẹbí gbà, wọ́n á bu omi ọ̀sà sínú igbá kan, olórí ẹbí á mu, ẹni náà á mu. Láti ọjọ́ yẹn lọ, wọ́n á máa pè é sí ìsìnkú, wọ́n á máa pè é sí ogún pínpín, ọmọ rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ fẹ́ ọmọ ilé mọ́, nítorí ẹbí kì í fẹ́ ẹbí, ì báà jẹ́ láti ìgbà Ánábì Núhù ni wọ́n ti pínyà. Gbogbo ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ èyí. Mọ̀núrù mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára àga, ilẹ̀ tó ń tẹ̀ kì í hàn sí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mu omi náà, ilé kún. Bilqis wà láàárín àwọn obìnrin, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Nítorí pé ọ̀sà ti dọ̀tí tayọ ohun tí èèyàn lè gbé sẹ́nu, piọ́ wọ́tà ni wọ́n já sínú igbá, Àlájì Wàsíù sì ń pe orúkọ Apẹjayọ̀ sí i lórí bí ẹni pé láti inú kànga Sẹ́msẹ́mù ní Mẹ́kà ni wọ́n ti pọn ọ́n. Fúnṣọ́ gbé fóònù sókè, ó ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bilqis ń wò wọ́n bí ẹni ń wo àwọn ọmọdé tó ń fi iyanrìn se oúnjẹ. Ìgbà tí Àlájì mu tirẹ̀ tán, tó na igbá sí Mọ̀núrù, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Haleem. Ó yọ kúrò lára ògiri, ó ní, "Bàbá Khairiyyah, ẹ dúró ná." Ẹnu igbá ti kan ẹnu Mọ̀núrù. Ó ti gbé e mì.

Ìyá Àlímọ̀t, àgbà obìnrin ilé náà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́, ló sọ ọ́ jáde.

"Mọ̀núrù, o ti di ọmọ wa, ó dáa. Haleem wá ńkọ́? Ọmọ tìẹ ló fẹ́ fẹ́, àbí mo ti ń ṣarán ni?"

Àlájì Wàsíù wo ilẹ̀. Fóònù Fúnṣọ́ ṣì wà lókè. Bilqis wo ọkọ rẹ̀, ó sì fi ojú bẹ̀ ẹ́, òun tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó fẹ́ gbọ́ kò pọ̀. Ó lè ní kí wọ́n má ka tòun sí, pé eré òṣèlú ni. Ó lè ní kí wọ́n jẹ́ kóun lọ ro ó. Ó tiẹ̀ lè wúkọ́ kó bọ́ sí ìta. Mọ̀núrù wo fóònù yẹn, ó tún fìlà ṣe.

"Ilé Apẹjayọ̀ ò gbọ́dọ̀ fẹ́ ilé Apẹjayọ̀," ó ní. "Àṣà ju ọmọ lọ. Mo fara mọ́ ọn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bilqis bọ́ sí ìta, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ilé láìkí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Nígbà tí Khairiyyah ti ibi iṣẹ́ dé, ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Kò sunkún. Ó bọ́ bàtà, ó lọ dúró níwájú bàbá rẹ̀ ní pálọ̀.

"Dádì, ṣé ẹ gbà lóòótọ́ pé ẹbí ni èmi àti Haleem?"

"Ìtàn ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi."

"Ìtàn wo, sà? Tọdún tó kọjá àbí tọdún yìí?"

Mọ̀núrù fi ariwo bò ó. Ó pariwo nípa ìwà àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ó pariwo nípa ohun tí Ajagunlósà ì bá ti ṣe fún ọmọ tó bá bi bàbá rẹ̀ nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ náà wọ yàrá lọ, ló wá rọra bá Bilqis sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà ní sùúrù. Ó ní kí àwọn ọmọ náà dúró de ìdìbò. Bí àga bá ti tẹ òun lọ́wọ́ tán, ìtàn ò tán síbẹ̀, wọ́n ṣì lè rí i nígbà yẹn pé ọmọ ìyá ọ̀tọ̀ ni Ajagunlósà, tàbí pé ó kàn bá wọn gbé ni.

Bilqis wò ó títí. Láti ọdún tó ti fẹ́ ẹ, ó ti rò pé ọkùnrin náà gba irọ́ tirẹ̀ gbọ́. Ó ti máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ó máa ń fi àánú díẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe sí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Àbí orí rẹ̀ ti pé láti ìgbà yẹn? Ṣé ó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú igbá yẹn ju piọ́ wọ́tà lọ, ó sì torí rẹ̀ ta ọmọ? Ohun tó kù fún un nínú ọkàn Bilqis gbẹ lọ́jọ́ yẹn. Ó sọ fún un pé òun ti gbọ́, ó sì lọ sùn sí yàrá ọmọ rẹ̀.

Ìyá Àlímọ̀t wá bá a ní ìsọ̀, ó ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ bọ̀. "Èmi ni mo bi wọ́n," ó ní. "Mo bi wọ́n kí wọ́n lè rí ihò kí wọ́n tó jìn sí i. Mo rò pé bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ, ojú á tì wọ́n. Ojú ò ti wọ́n. Ìwọ mú ọmọ ẹ lọ bá Lèmọ́mù. Èmi á mú Haleem wá." Bilqis gé aṣọ kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ìyá náà sì ní kò tíì yá, kó jẹ́ kóun jẹ ìrẹsì yìgì ná.

Lèmọ́mù Ubaydullah fúnra rẹ̀ wá sí ilé. Ọkùnrin tó máa ń fara balẹ̀ ni, kì í gbé ohùn sókè. Bilqis jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò gan-an, ẹ̀sìn ò kọ̀ ọ́ kí wọ́n fẹ́ra wọn," Lèmọ́mù ní. "Èyí tẹ́ ẹ wá ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó wà láyé tó bá a. Ẹ fún mi ní ìdí kan tí mo lè sọ níwájú Ọlọ́run."

"Lèmọ́mù, bí mo bá dìde fa ọmọ yẹn fún un lójú gbogbo Èkó, òpùrọ́ ni mo dà nìyẹn."

"Bẹ́ ẹ ò bá wá fà á ńkọ́, kí lẹ dà?"

Mọ̀núrù ní Sátidé tí wọ́n dá fún yìgì náà bọ́ sí ọjọ́ tí Ọnọ́rébù máa ṣí ilé àjogúnbá, orúkọ òun ni wọ́n sì máa pè. Lèmọ́mù tún bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó dìde, ó ní bàbá tó bá kọ̀ láìnídìí, ẹ̀sìn ti mọ ohun tí a ń ṣe sí i, yìgì á so.

Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Nígbà tí Sátidé kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wá sí ìsọ̀ Bilqis, ó ní òun nílò aṣọ funfun tuntun fún Oníkan, kí ìyàwó òun ṣáà bá òun mú èyí tó dáa. Bilqis mú ìdì aṣọ sílẹ̀, ó wọn ọ́n fún un láti èjìká dé ilẹ̀, kò yan òmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ìgò káfúrà kó tó rántí pé ọkùnrin náà ṣì ń mí.

Láàárọ̀ Sátidé, Khairiyyah jáde láti yàrá pẹ̀lú làálì lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ nínú pálọ̀. "Dádì, ẹ káàárọ̀. Ẹ ṣàdúrà fún mi." Mọ̀núrù wò ó, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ẹnu rẹ̀ sì ṣí. Níta, bọ́ọ̀sì tí Ọnọ́rébù fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbà àdúgbò ti ń fọn fèrè. Ó ní kí Ọlọ́run ṣe é ní rere, ó mú ọ̀pá oyè tó yá lọ́wọ́ ẹnìkan, ó jáde. Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bilqis ló lọ fà á dìde, ó sì tún gèlè rẹ̀ ṣe, nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ òun lè ṣe.

Mọ́ṣáláṣí kún. Haleem jókòó nínú jàlàbíà funfun, ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀ títí, síbẹ̀ epo dúdú ṣì wà létí èékánná rẹ̀. Àlájì Wàsíù ò wá, òun náà wà l'Óníkan, àmọ́ Ìyá Àlímọ̀t wà láàárín àwọn obìnrin. Lèmọ́mù ka ohun tó yẹ kó kà. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tí yóò fa Khairiyyah ọmọ Mọ̀núrù fún ọkọ rẹ̀.

Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo ẹnu ọ̀nà. Bilqis náà, láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, wo ẹnu ọ̀nà. Inú bí i sí ara rẹ̀ pé ó wò ó. Òun tó mọ ọkùnrin náà, òun tó ti sọ fún gbogbo èèyàn pé kò ní wá, òun náà ló na ọrùn bí ọmọdé. Lèmọ́mù dúró. Ó ní kí wọ́n ka Fátíhà, wọ́n kà á, ó tún dúró. Kò sẹ́ni tó wọlé.

"Ọmọ yìí ò ní bàbá níbí lónìí," Lèmọ́mù ní. "Èmi ni mo dúró fún un."

Haleem ní òun gbà. Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n pín ìrẹsì. Khairiyyah rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ kí oòrùn tó wọ̀. Bilqis padà sílé, ó bọ́ aṣọ yìgì, ó jókòó sínú pálọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Mọ̀núrù fẹsẹ̀ rìn wọlé. Bọ́ọ̀sì tó kó wọn lọ kò dúró kó wọn padà. Ìsàlẹ̀ aṣọ funfun náà ti pọ́n fún eruku, ó sì mú ọ̀rá kékeré kan dání, mítì páì kan àti omi inú ike wà nínú rẹ̀. Ó jókòó. Ó ní wọn ò pe òun. Ó ní àna Ọnọ́rébù kan tó ń gbé n'Íkòyí ni wọ́n fi ṣe alága. Ọnọ́rébù gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní ìwádìí tuntun ti fi hàn pé bàbá ńlá ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ Èkó. Ọmọ ọba ni, láti Ìbíní.

Bilqis ní ọ̀rọ̀ tó lè sọ. Ó ní ọ̀pọ̀, wọ́n ti tò sí i lẹ́nu láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ. Kò sọ ọ̀kankan. Ọkùnrin náà rí bí ẹni tí wọ́n já sí ibi tí kò mọ̀.

"Wọ́n ti so yìgì náà?" Mọ̀núrù bi í.

"Wọ́n ti so ó."

"Ta ló fà á fún wọn?"

"Lèmọ́mù ni."

Ó yí omi inú ike náà kiri lọ́wọ́. "Kí ló sọ nípa mi?"

"Ó ní ọmọ náà ò ní bàbá," Bilqis wí. Lèmọ́mù ní "níbí," ó sì ní "lónìí." Bilqis ò fi ìyẹn kún un.